Wọ́n Lo Ọyẹ́ Lọ́dọ̀ Wa, Wọ́n Ń Kọrin ní Tottenham

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Tottenham, Edmonton àti Walthamstow ní ìlú London kò kéré rárá. Ojoojúmọ́ ni bọ́ọ̀sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Ferry Lane kọjá lọ síbi iṣẹ́, tí wọn kò sì fura pé àárín adágún omi mẹ́wàá ni àwọn ń gbà. Adágún àtọwọ́dá ni gbogbo wọn. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni ilé-iṣẹ́ omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ wọn kí àwọn ará ìlà-oòrùn London lè rí omi mu, London sì ń mu nínú rẹ̀ títí dòní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ, ìyẹn àwọn apẹja àti àwọn olùwòyẹ díẹ̀, nìkan ló ń ráyè wọbẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n ṣí géètì fún tẹrú tọmọ, tí wọ́n pe ibẹ̀ ní Walthamstow Wetlands. Kọ́bọ̀ kan kò kúrò lápò ẹni tó bá fẹ́ wọlé.

Apá kan ṣoṣo nìyẹn lára àfonífojì odò Lea. Ẹ̀gbẹ́ Luton ni odò yìí ti ṣẹ̀, ó sì rìn tó kìlómítà 68 kí ó tó dà sínú odò Thames. Ní òkè odò, láti nǹkan bí ìlú Ware wá sí ìsàlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé wa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ títí ilẹ̀ fi di kòtò. Nígbà tí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn lọ, omi kún inú kòtò, esùsú hù létí omi, ẹyẹ sì dé láìjẹ́ pé ẹnì kan ránṣẹ́ pè é. Láti ọdún 1967 ni àjọ kan ti ń bójú tó àfonífojì náà gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Bí èèyàn bá wá yà díẹ̀ sí ìlà-oòrùn, igbó Epping ni yóò kò lójú, igbó ńlá tó lé ní 2,000 hẹ́kítà. Omi, àbàtà àti igbó, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí ọkọ̀ ojú irin ìlú lè gbé èèyàn dé kí ó sì gbé e padà wálé kó tó di àkókò oúnjẹ alẹ́.

Ìgbà ìrúwé ni kí èèyàn lọ, láti ìdajì oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù karùn-ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò yìí, ewé kò tíì bo igi, nítorí náà ẹyẹ kò ríbi sá pamọ́ sí. Àsìkò yìí náà ni wọ́n ń kọrin jù lọ. Akọ ló sábà máa ń kọ ọ́, inú dídùn kọ́ ló sì ń kọ bí a ṣe máa ń rò. Ó ń sọ fún akọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí ti ní onílẹ̀, ó sì ń sọ fún abo pé ilẹ̀ náà dára, kó wá wò ó. Ní oṣù karùn-ún, kó tó di aago mẹ́rin ìdájí ni robin àti blackbird ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Etí ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú wíwo ẹyẹ. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan yóò kàn rí ewé tó ń mì ni.

Nínú àwọn ẹyẹ tó ń ti òkèèrè bọ̀ nígbà ìrúwé, èyí tó máa ń kọ́kọ́ dé ni chiffchaff. Ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ti ń gbẹ, kò sì sí ohun tó fani mọ́ra lára rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohùn méjì péré ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí yóò máa lù wọ́n síra bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dùndún lẹ́yìn ilé. Èkejì rẹ̀, willow warbler, máa ń dé ní oṣù kẹrin láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì: ẹsẹ̀ ọ̀kan dúdú díẹ̀, ẹsẹ̀ ìkejì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Orin ló tú àṣírí wọn, nítorí ti willow warbler máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì rọra sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi pòórá. Ẹ̀yà ẹyẹ kan ṣoṣo ni àwọn èèyàn kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Àlùfáà ìjọ kan ní abúlé Selborne, Gilbert White, ló fi etí lásán ya àwọn ẹyẹ wọ̀nyí sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1768, ó sì rí ìkẹta wọn tó ń jẹ́ wood warbler mọ́ wọn. Kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ tiwa tó máa ń mọ ẹyẹ láti orí ohùn rẹ̀ nínú igbó dúdú kò ní rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn.

Ní gúúsù àwọn adágún Walthamstow, etí odò ní ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ń pè ní Walthamstow Marshes. Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin tó gba ibẹ̀ kọjá ni A. V. Roe ti to ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pọ̀ ní ọdún 1909, tó sì fi í fò lórí pápá náà. Òun ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ẹ́ńjìnnì Gẹ̀ẹ́sì, fò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfòsókè náà kò ga, kò sì jìnnà. Nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún tó wà ní pápá yẹn kan náà ni whitethroat máa ń pa ìtẹ́ sí, ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 15 lọ. Orí akọ rẹ̀ rí bí eérú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ funfun báláú, ìyẹ́ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Á jókòó sórí ẹ̀gún, á fò sókè gbọ̀nrangandan, á máa kọrin kan tó há lọ́fun lófuurufú, á tún já wálẹ̀ sínú ẹ̀gún. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ á rí i dájú.

Whitethroat yìí ló jẹ́ kí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ wọn kò parí sí etíkun wọn. Ní ọdún 1968, àwọn whitethroat lọ lẹ́yìn ìgbà ooru bí wọ́n ṣe máa ń lọ. Nígbà ìrúwé ọdún 1969, àwọn tó ń ka ẹyẹ jáde lọ sínú oko, wọ́n ń retí wọn, wọn kò rí wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò padà. Kò sí ohun tó ṣe igbó ẹlẹ́gùn-ún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dá ló dá ní ẹkùn Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara, tó gba Senegal àti Mali kọjá títí wọ àríwá Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni whitethroat ti máa ń lo ìgbà òtútù. Ọ̀dá tó sọ àwọn Fúlàní darandaran di aláìlẹ́ran, òun náà ló sọ igbó Essex di aláìlórin. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí iye wọn tó tún máa gòkè, wọn kò sì tíì pọ̀ tó ti ìgbà tó ṣáájú ọ̀dá náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ìhà tiwa kí wọ́n tó gbéra yẹ ní mímọ̀. Ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru mú gan-an, tí koríko ti gbẹ ní agbègbè Adágún Chad, igi kan máa ń so èso wẹ́wẹ́: igi tí àwọn Mùsùlùmí ń gé ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀ ṣe síwáàkì. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń lọ sí Yúróòpù a máa rọ̀ mọ́ igi yìí, wọ́n á jẹun bí ẹni pé kò sí ọ̀la. Ọ̀rá tí wọ́n bá kó sábẹ́ awọ ni epo ìrìn-àjò wọn, nítorí ẹyẹ kékeré kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo ní ìlọ́po méjì kó tó kọ orí sí Sahara. Ní Laminga lẹ́bàá Jos, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ A. P. Leventis, tó ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìmọ̀ yìí. Whitethroat wà lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí níbẹ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ Nàìjíríà kan ní Jos àti òmíràn ní Walthamstow máa wo irú ẹyẹ kan náà nínú ọdún kan náà.

Kúkúù ló wá lókìkí jù nínú gbogbo àlejò ìgbà ìrúwé. Ìparí oṣù kẹrin ló máa ń dé sí òkè àfonífojì náà, lágbègbè Fishers Green, níbi tí esùsú pọ̀ sí. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀lúlùú tiwa ni, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra. Ẹ̀lúlùú ń kọ́ ìtẹ́ tirẹ̀, ó sì ń tọ́ ọmọ tirẹ̀. Kúkúù kì í kọ́ ilé. Abo rẹ̀ á máa ṣọ́ reed warbler, ẹyẹ kékeré tó ń hun ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ ara igi esùsú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lókè omi. Bí onílé bá ti kúrò nílé díẹ̀, kúkúù á wọlé, á gbé ẹyin kan mì, á yé tirẹ̀ sí ipò rẹ̀, á sì lọ. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Ọmọ kúkúù tó bá pa, tí kò tíì lajú, tí kò tíì níyẹ̀ẹ́ lára, á fi ẹ̀yìn ti àwọn ẹyin yòókù dànù kúrò nínú ìtẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà lọ, reed warbler tí kò wúwo ju gíráàmù 12 á máa bọ́ ọmọ tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Á tilẹ̀ máa gun èjìká ọmọ náà kó tó lè ki oúnjẹ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ìwà ọ̀dájú ni, kò sí àní-àní.

Láti ọdún 2011 ni àjọ tó ń ṣèwádìí ẹyẹ ní Gẹ̀ẹ́sì, BTO, ti ń so ẹ̀rọ tíńtín mọ́ ẹ̀yìn kúkúù, tí sátẹ́láìtì sì ń fi ibi tí wọ́n bá wà hàn. Ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n so ó mọ́, tí wọ́n sọ ní Chris, lọ, ó bọ̀, ó tún lọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n rí i pé igbó kìjikìji Kóńgò ni kúkúù ń gbé nígbà òtútù. Bí ìgbà ìrúwé bá ń súnmọ́, kì í gba ọ̀nà tààrà padà. Á kọ́kọ́ yà wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ bíi Ghana àti Côte d'Ivoire, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń mú kòkòrò jáde. Ibẹ̀ ló ti ń sanra kó tó la Sahara kọjá. Bí ẹ̀lúlùú bá wá ń pe òjò lọ́dọ̀ wa, ìbátan rẹ̀ tó ń rin ìrìn-àjò ń jẹ nínú èrè òjò náà. Ó bani nínú jẹ́ pé iye kúkúù ní Gẹ̀ẹ́sì ti dín kù ju ìdajì lọ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ẹyẹ àfonífojì náà ló jẹ́ àlejò. Lórí adágún, ní oṣù kẹta, great crested grebe méjì á kọjú síra wọn, akọ àti abo, pẹ̀lú ìyẹ́ dúdú tó nà sókè lórí wọn àti èyí tó pọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ká. Wọ́n á máa mi orí fún ara wọn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì á rì sábẹ́ omi, wọ́n á dìde pẹ̀lú koríko odò lẹ́nu, wọ́n á súnmọ́ ara wọn, wọ́n á sì nàró láyà-kò-láyà lórí omi, tí ẹsẹ̀ wọn á máa fẹ omi kíkankíkan nísàlẹ̀. Ní ọdún 1912, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Julian Huxley jókòó ti adágún kan ní Tring, ó ń wo ijó yìí lójoojúmọ́, ìwé tó kọ lórí rẹ̀ sì wà lára àwọn tó dá ẹ̀kọ́ ìwà ẹranko sílẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí ijó náà má ṣojú Huxley rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1860, kò tó ọgọ́rùn-ún tọkọtaya ẹyẹ yìí tó ṣẹ́ kù ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì, torí pé àwọn obìnrin olówó ń fi ìyẹ́ rẹ̀ ṣe fìlà àti ìbọwọ́. Àwọn obìnrin náà ló sì gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1889, Emily Williamson kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Manchester, wọ́n búra pé àwọn kò ní wọ ìyẹ́ ẹyẹ mọ́. Ẹgbẹ́ yẹn ló di RSPB òde òní, àjọ tó ń dáàbò bo ẹyẹ. Ó di ọdún 1921 kí ìjọba tó fòfin de kíkó ìyẹ́ wọ ìlú láti òkèèrè.

Ẹyẹ tí ọmọ Yorùbá yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí ní Walthamstow ni ẹyẹ funfun tó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ létí omi. Á ní: "Lékeléke rèé!" Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Little egret ni. Ẹnu rẹ̀ dúdú, ojúgun rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n fòò bí ẹni tó wọ bàtà tí kò bá aṣọ mu. Ẹnu lékeléke tí àwọn ọmọ wa máa ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀ pọ́n. Ọdún 1996 ni little egret kọ́kọ́ pamọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ní erékùṣù kan ní Dorset. Àmọ́ ẹni tó sọ pé lékeléke ni kò jìnnà sí òótọ́ jù, nítorí lékeléke gan-an ti dé: ó pamọ ní Somerset ní ọdún 2008, tòun ti màlúù tó ń tẹ̀ lé.

Ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bittern ṣòro rí ju gbogbo wọn lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti esùsú gbígbẹ, bó bá sì fura, á na ẹnu sókè, á máa mì pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ìgbà òtútù ló sábà máa ń wà ní Fishers Green, títí di oṣù kẹta. Ohùn akọ rẹ̀ ń dún lọ tó kìlómítà márùn-ún. Akọ 11 péré ló ń dún ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1997. Wọ́n ti lé ní 200 báyìí, nítorí pé wọ́n tún àwọn àbàtà ṣe.

Ní Rye Meads, ibi tí RSPB ń bójú tó lẹ́bàá Hoddesdon, wọ́n to pákó sórí omi, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kí common tern tó ń bọ̀ láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè ríbi yé sí. Akọ á mú ẹja wá fún abo kó tó gbà fún un. Kingfisher, apẹja aláwọ̀ búlúù, náà ń gbẹ́ ihò sínú bèbè tí wọ́n mọ fún un níbẹ̀. Òfin ọdún 1981 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yọ ọ́ lẹ́nu nídìí ìtẹ́, nítorí náà inú ahéré ni wọ́n ti ń wò ó.

Igbó Epping ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará Loughton ní ẹ̀tọ́ láti gé ẹ̀ka igi ibẹ̀ dáná nígbà òtútù, níbi tí ó ga ju orí èèyàn lọ kí ẹran má baà jẹ rúwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn olówó fẹ́ fi ọgbà yí igbó náà ká, àwọn tálákà kọ̀, ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, òfin ọdún 1878 sì sọ ọ́ di ti gbogbo èèyàn. Àwọn igi tí wọ́n gé lórí nígbà náà ṣì wà, wọ́n sanra, wọ́n wú, wọ́n sì kún fún ihò. Inú ihò yẹn ni ẹyẹ ń gbé. Nuthatch máa ń fi ẹrẹ̀ mọ ẹnu ihò tó bá fẹ̀ jù títí á fi ba òun nìkan mu. Àkókó, tí àwọn ibẹ̀ ń pè ní woodpecker, máa ń fi ẹnu lu igi tó gbẹ níye ìgbà tó lé ní mẹ́wàá kí ojú tó ṣẹ́. Kì í ṣe kòkòrò ló ń wá nígbà yẹn. Ìlù náà ni orin tirẹ̀, akọ àti abo ló sì ń lù ú. Oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin ni kí èèyàn lọ gbọ́ ọ.

Ní oṣù karùn-ún, kí èèyàn gbójú sókè. Swift máa ń dé, ẹyẹ dúdú tí ìyẹ́ rẹ̀ rí bí dòjé, tó ń pariwo lókè òrùlé. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Lund ní Sweden fi hàn ní ọdún 2016 pé òmíràn nínú wọn lè wà lófuurufú fún oṣù mẹ́wàá láìbalẹ̀. Ní Walthamstow, wọ́n kọ́ ilé sínú ihò èéfín ilé ẹ̀rọ omi àtijọ́ fún wọn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra. Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì ń lọ sí South Africa. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti àárín Yúróòpù àti Ítálì máa ń kóra jọ sórí òkè Boje ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun tí èèyàn nílò kò pọ̀: awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, aṣọ òjò, bàtà tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀. Áàpù Merlin tí yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, máa ń gbọ́ orin ẹyẹ, á sì dárúkọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ó ń ṣèrànwọ́, àmọ́ kí èèyàn má fi gbogbo ọkàn tán an, torí starling máa ń sín ẹyẹ mìíràn jẹ, ẹ̀rọ náà á sì gbà á gbọ́. Ajá kò gbọdọ̀ wọ Walthamstow Wetlands.

Tottenham Hale ni kí ẹni tó ń lọ sí àwọn adágún ti bọ́ọ́lẹ̀, Rye House fún Rye Meads, Loughton fún igbó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kúkúù lè ti ibùdókọ̀ Cheshunt fẹsẹ̀ rìn lọ sí Fishers Green láàárọ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kó pẹ́. Láàárín oṣù kẹfà ni àwọn àgbà kúkúù ti ń padà sí Áfíríkà, wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tí ọmọ náà bá gbéra ní ìparí ìgbà ooru, òun nìkan ni yóò dá rin ọ̀nà Kóńgò tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án rí.